Òkédìran Abúkè àti Òkè Tí Kò Gbọ́ Èébú Rí

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin tí ẹ ní etí, ẹ sì kú àmúmọ́ra, ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ ìtàn pẹ̀lú ojú ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ yín. Ọmọ ènìyàn a máa rò pé ibi tí ìmọ̀ òun pin sí ni ayé pin sí, bí ẹ bá sì sọ òótọ́, ẹ ti ń bi ara yín pé kí ni ọ̀gbẹ́ni yìí tún fẹ́ wí. Ó dára. Ẹ jókòó lé ìgbéraga yín, ó rọ̀ ju tìmùtìmù lọ, kí n sọ fún yín nípa òkè kan tó ń mí bí ènìyàn, nípa àwọn ìlú tó tò léra wọn nínú ilẹ̀ bí aṣọ inú àpótí, tí ti òkè ń fi ti ìsàlẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nípa òkúta tó ń léfòó lójú omi, àti nípa bàbá kan tó fi ẹnu burúkú gba ọmọ rẹ̀ là. Èmi kò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Láàárín òkun, níbi tí atukọ̀ ti máa ń wá ilẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi ṣú, erékùṣù kan wà tí ń jẹ́ Ìdíòkè. Òkè ńlá kan ló dá dúró láàárín rẹ̀, Amíkanlẹ̀ ni orúkọ rẹ̀: Amíkanlẹ̀ afìkúùkù-dé-fìlà, a-gbé-láàárín-omi-gbé-iná-mì, òkè tó ń sùn tó ń rú èéfín. Láàárọ̀ lálẹ́ ni èéfín máa ń yọ lórí rẹ̀, bí èéfín ilé ìdáná ìyálé tí ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi gbígbóná ń sun lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń fi í bọ iṣu. Gbogbo ilẹ̀ erékùṣù náà, ohun tí òkè yìí ti tu jáde láti inú ara rẹ̀ ni: yanrìn rẹ̀ dúdú, òkúta rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́, ilẹ̀ oko rẹ̀ sì sanra tó bẹ́ẹ̀ tí iṣu fi ń ta bí itan ẹni tó ń ja ìjàkadì. Ẹni tó ní làákàyè ì bá máa rọra gbé lábẹ́ irú òkè bẹ́ẹ̀, ì bá kọ́lé sí etí òkun, ì bá sì so ọkọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìdíòkè kò ní làákàyè. Ẹnu ni wọ́n ní.

Ẹ gbọ́ àṣà wọn, kí ẹ sì rọra rẹ́rìn-ín. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti wa iṣu tuntun tí òṣùpá sì kún, gbogbo ìlú á gòkè lọ sí pápá tó wà ní èjìká Amíkanlẹ̀, wọn á kọjú sí orí òkè, wọn á sì máa bú u. Ìbúkè ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà. Wọ́n gbà pé òkè ní ìtìjú, pé bí a bá bú u dáadáa yóò sorí kọ́, kò sì ní lè tu iná sí ìlú. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù ni wọ́n ń yàn láti ṣíwájú wọn, òun ni wọ́n ń pè ní Abúkè, oyè rẹ̀ ló sì tẹ̀lé ti ọba. Kò sí èébú tí ẹnu kò lè sọ sí òkè lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá yí ẹnu sí ọba, òfin ni pé kí gbogbo ìlú lé e wọ òkun, kí wọ́n lé e kọjá ibi tí ojú ti lè rí ilé. Tọkùnrin tobìnrin ni yóò wọ ọkọ̀. Abiyamọ á pọn ọmọ rẹ̀, wọn á gbé arúgbó sínú ọkọ̀ kó lè fi ẹnu ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ẹni tó bá jókòó sílé ti di alábàápín èébú. Ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ nìkan ni kì í lé ènìyàn, nítorí wọ́n ní ọba kì í sáré. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀ kì í jáde lọ́jọ́ Ìbúkè, èèwọ̀ sì ni kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi òkú tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bú u, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣíwájú àwọn tó ń lé ẹni náà.

Abúkè tí mo ń sọ ìtàn rẹ̀ ni Òkédìran. Ẹ sì wo orúkọ: ara òkè yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ ti rọbí nígbà tó ń ṣẹ́gi, inú ihò òkúta ló bí i sí, ló bá fi òkè sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ dàgbà tán, ó wá ń bú ẹni tó ya ìyá rẹ̀ ní yàrá. Ẹnu Òkédìran kì í ṣe ẹnu lásán. Bí ó bá bú ajá, ajá á yíjú wo ìrù ara rẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó pe Amíkanlẹ̀ ní apárí tí orí rẹ̀ ń rú èéfín láìsí irun tí yóò jó, ó pè é ní arúgbó tó ń fi imú mu tábà, ó pè é ní ọ̀lẹ tí kò kúrò lójú kan láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé, ó ní ikùn rẹ̀ ń kùn bí ikùn ẹni tó fi ẹ̀wà àná jẹun òwúrọ̀. Ìlú á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ni ẹnu yìí kì í bú, ìyẹn Ìbíwùmí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un kó tó kú. Bí ó bá ń bá Ìbíwùmí sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á rọ̀ bí ẹni pé ó lọ yá ohùn náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Lọ́dún kan, ó bú òkè náà lọ́nà tí kò bú u rí, kí àwọn ènìyàn sì tó sọ̀ kalẹ̀ délé, èéfín dá. Amíkanlẹ̀ kò mí mọ́. Ìlú gbé Òkédìran lé èjìká. Olúòkè, ọba Ìdíòkè, ọkùnrin kan tó sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ọgbọ́n kò ráyè wọlé sí i lára, kéde pé òkè ti kú, ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ kọ́lé sí èjìká rẹ̀, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ló dára jù. Òkédìran ló kọ́kọ́ lọ. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ibi tó tẹ́jú jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Ìbúkè, ó kọ́ ilé síbẹ̀ fún Ìbíwùmí àti ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà bá òkun lọ, kò bọ̀. Ọmọ tó fi sílẹ̀, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àyìnlá, ibà gbé e lọ kó tó mọ ìrìn. Ẹ̀yìn ilé ni Ìbíwùmí sin ín sí, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìlú mọ́.

Nígbà yìí kan náà ni omi gbígbóná ẹsẹ̀ òkè gbẹ. Omi kànga bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ẹyẹ òkun fi ẹyin sílẹ̀ nínú ìtẹ́, wọ́n lọ. Àwọn òpó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, tí omi máa ń bò dé ọrùn, wá dúró lórí yanrìn gbígbẹ. Bí ẹyọ kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀bọ, ọ̀bọ á kó ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, á sì wá ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìdíòkè ní òkun ló ń sá sẹ́yìn fún wọn, wọ́n ní omi gbígbóná gbẹ nítorí pé òkè ti sunkún tán. Inú Olúòkè dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́ àmì ìtẹríba tí yóò fi sábẹ́ ìtẹ́ rẹ̀. Ó ní kí Òkédìran wọ inú òkè lọ, kó gba nǹkan bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí Ìbúkè tó pé. Òkédìran kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹni tí wọ́n bá yìn ní àyìnjù kì í rántí pé ẹsẹ̀ òun lè kọ.

Ihò gígùn kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀nà tí odò iná ìgbàanì ṣàn gbà tó sì fi sílẹ̀ bí ejò ṣe ń fi awọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni Òkédìran gbà wọlé pẹ̀lú ògùṣọ̀ lọ́wọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń kọrin èébú. Ilẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé funfun láti òkè délẹ̀. Eérú ń rọ̀ síbẹ̀ láìdákẹ́, ó ń rọra balẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ, àwọn ènìyàn funfun kan sì wà lórí òrùlé wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Baálẹ̀ wọn kí i káàbọ̀, ó ní ìlú Ìdíòkè nìyí, àwọn ni wọ́n ṣẹ́gun òkè. Ó ṣàlàyé pé nígbà ayé àwọn, nígbà tí bàbá bàbá Òkédìran ṣì ń rá, òkè tu eérú sókè títí ọ̀sán fi ṣú, àwọn kan ní kí ìlú wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn gbajúmọ̀ ìlú ní Ìdíòkè kì í sá fún eruku. Wọ́n mú ìgbálẹ̀. Òjò wá rọ̀ sórí eérú náà, ó wúwo, òrùlé wó lé wọn lórí. Òkédìran béèrè ìdí tí wọ́n ṣì fi ń gbá a. Baálẹ̀ ní ó kù díẹ̀ kó tán, ó na ìgbálẹ̀ kan sí i, ó ní kò jọ ẹni tó lè gbálẹ̀ tó àwọn. Díẹ̀ ló kù kí Òkédìran gbà á, nítorí kò sí ohun tó dùn ún bí kí wọ́n ní kò lè ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ baálẹ̀, ó rí i pé ìgbálẹ̀ náà ti di ara mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kó ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Baálẹ̀ ní kó kí àwọn ará ìsàlẹ̀, ó ní òmùgọ̀ ni wọ́n.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ tó ti gan dé àyà wọn, gbogbo wọn kọjú síbìkan náà, wọ́n sì ń jiyàn. Ìlú Ìdíòkè làwọn náà, àwọn sì ṣẹ́gun òkè. Eérú ìgbà tiwọn kò pa ẹnikẹ́ni. Orí òkè ló jókòó sí, ó ń dúró de òjò. Òjò dé, eérú pò mọ́ omi, ó di ẹrẹ̀ gbígbóná, ó gba àfonífojì sọ̀ kalẹ̀, ó ń yí òkúta tó tó ilé. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n àwọn onílé wọ̀nyí gbà fún un, nítorí àfonífojì náà ni ọ̀nà ọba gbà, kò sì sí ìjòyè tó fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọ̀nà oko ṣíwájú òun. Ìyẹn ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí. Wọn kò jẹ́ kí Òkédìran kọjá, àfi tó bá sọ ẹni tó jẹ́ àgbà láàárín wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe olúkúlùkù ní àgbà gbogbo àgbà, bí inú ẹnìkan bá sì ti dùn tó tẹrí ba láti gba oyè náà, Òkédìran á tẹ orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní kó kí àwọn ará ìsàlẹ̀, àwọn tó dúró wòran iná.

Ní ilẹ̀ kẹta, kò sí ènìyàn. Àyè ènìyàn ló wà. Òkúta ni gbogbo ibẹ̀, nínú òkúta náà sì ni àwọn ihò tó ní orí, tó ní apá, tó ní ẹsẹ̀: ìyá tó gbé ọmọ mọ́ra, ọkùnrin tó fi ọwọ́ bojú, ajá tó na ẹsẹ̀ sókè. Ohùn tíńtín kan láti inú òkúta sọ fún un pé ìgbà tiwọn ni ìkúùkù iná sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó yára ju ẹṣin lọ, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wòran, ó fi eérú gbígbóná dì wọ́n; eérú di òkúta, ẹran ara jẹrà, àyè wọn sì ṣẹ́ kù. Èyí tó wà níwájú gbogbo wọn fi ọwọ́ kan sí ìbàdí, ó la ẹnu gbàgà. Abúkè àkọ́kọ́ ni. Òkédìran rẹ́rìn-ín, ó sì wọnú àyè náà láti fi ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó bá a mu. Ìgúnpá bá a mu, ìbàdí bá a mu, ẹnu rẹ̀ tó là bá ẹnu tó là nínú òkúta mu. Nígbà tó fẹ́ jáde, kò lè jáde. Ohùn náà ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, àyè rẹ̀ ni. Ẹ̀rù ba Òkédìran fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ẹ̀rù sì mú un pa ẹnu dé. Bí ó ti pa ẹnu dé, òkúta tú u sílẹ̀.

Nísàlẹ̀ pátápátá, ó dé yàrá kan tí adágún iná pupa ń hó nínú rẹ̀ bí ọbẹ̀. Obìnrin arúgbó kan jókòó létí rẹ̀, ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ògùṣọ̀ kò lè fi ojú rẹ̀ hàn tán. Ikùn rẹ̀ wú, ó sì fi ọwọ́ kan di ọ̀fun mú. Òkédìran kó ìwọ̀nba ẹnu tó kù fún un jọ, ó ní òun ni Abúkè Ìdíòkè, òun lòun pa á lẹ́nu mọ́, àmì ìtẹríba lòun wá gbà. Arúgbó náà béèrè ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òkédìran ní àwọn tó ń bú u lọ́dọọdún ni. Arúgbó náà rò ó títí.

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan rí,” ló wí. “Ṣé ẹ̀yin ni nǹkan wẹ́wẹ́ tó máa ń yún mi léjìká nígbà mìíràn?”

Òkédìran béèrè ìdí tó fi wá dákẹ́ bí kò bá ṣe èébú. Arúgbó náà ní nísàlẹ̀ òkun, ilẹ̀ kan ń wọ abẹ́ ilẹ̀ mìíràn díẹ̀díẹ̀, bí ẹní tí a ń tì bọ abẹ́ àpótí. Níbi tó wọ̀ sí, òkúta ń yọ́, ó sì ń gòkè wá sínú òun. Bí ọ̀fun òun bá là, òun á máa mí i jáde, èéfín ni wọ́n máa ń rí. Ṣùgbọ́n èyí tó tutù nínú rẹ̀ ti di kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ó ti dí òun lọ́fun, ikùn òun ń wú, ó sì ń gbé erékùṣù sókè kúrò nínú omi. Òun fẹ́ húkọ́. Kò sì ní kọjá òṣùpá tó ń kún lọ yìí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá,” ni Òkédìran wí, “ṣé inú ń bí yín sí wa ni?”

“Inú kò bí mi. Ta ló ń bínú sí èèrà kó tó húkọ́? Ilẹ̀ tí ẹ ń gbé, ikọ́ mi àtijọ́ ni. Jáde, ọmọdé. Orí ọ̀fun mi lo dúró sí.”

Ojú Ìbíwùmí ló yọ sí Òkédìran lọ́kàn, lẹ́nu ọ̀nà ilé tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sí èjìká òkè yìí. Ó he òkúta kan nílẹ̀ láìmọ ohun tó ń ṣe, ó sì sáré. Nígbà tó jáde sí ojúmọmọ, orin èébú ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Ó gbé òkúta náà fún ọba, ó sì ròyìn gbogbo nǹkan. Òkúta náà tóbi bí ẹ̀gẹ́ odindi, ó sì fúyẹ́ bí kànrìnkàn. Olúòkè sọ ọ́ sínú agbada omi, ó léfòó, gbogbo ààfin pàtẹ́wọ́: òkè ti ṣófo, ẹ wo òkúta rẹ̀, kò ní nǹkan nínú mọ́. Wọ́n ń fi gbogbo ìkìlọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ títí ó fi sọ pé òkè náà kò mọ̀ wọ́n. Nígbà náà ni ojú wọn le. Wọn ì bá gbà pé òkè kórìíra wọn. Ìyẹn ṣe é gbéra ga lé lórí. Pé kò gbúròó wọn rí láti ayébáyé ni wọn kò lè gbà. Ọba ní èéfín ìsàlẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lórí, ó ní bí ó bá tún wí bẹ́ẹ̀, òun á fi ẹlòmíràn jẹ Abúkè.

Òkédìran gòkè lọ bá ọmọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó bí, ó ní kó jẹ́ káwọn wọ ọkọ̀.

“Bàbá mi, ẹ dìde,” ni Ìbíwùmí wí. “Ẹ̀yin lẹ ní òkè ti kú. Ẹ̀yin lẹ yan ibí yìí fún mi.”

“Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni.”

“Bí irọ́ ni, bí òótọ́ ni, Àyìnlá wà lẹ́yìn ilé. Mi ò ní fi òun nìkan sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ sí mi mọ́.”

Kò sí ẹni tí yóò bá a gbé e, nítorí èèwọ̀ ni láti fọwọ́ kan ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀, bí òun nìkan bá sì gbé e, á tún sá padà. Òkédìran jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé náà títí oòrùn fi kúrò lójú rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti rí ohun tó lè ṣe, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ ju ìgbà tó rò pé kò sí ohun tó lè ṣe lọ. Láti ọjọ́ náà títí di Ìbúkè, ó ń wọ́ ọkọ̀ àwọn ará ìlú sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí omi fà sí. Wọ́n ní ẹni tó ti ń bá òkè jà ti di ẹrú ọkọ̀.

Ọjọ́ Ìbúkè pé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ilẹ̀ ń gbọ̀n wìrìwìrì, òórùn imí-ọjọ́ gba gbogbo ìlú, àwọn ajá sì ti lọ dúró létí òkun fúnra wọn. Àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú ní òkè ló ń gbọ̀n fún ẹ̀rù. Gbogbo wọn péjọ sí pápá, ọba jókòó, àwọn ìjòyè yí i ká, Òkédìran sì bọ́ síwájú. Ó kọ ẹ̀yìn sí òkè, ó kọjú sí ọba. Ó pè é ní ikùn tó dé adé, ó pè é ní àgbá òfìfo tí orí rẹ̀ fúyẹ́ ju òkúta tó ń léfòó lọ, ó ní ìtẹ́ tó jókòó lé ń bẹ àwọn ikán pé kí wọ́n yára, ó ní bí wọ́n bá bọ́ adé lórí rẹ̀ afẹ́fẹ́ á gbé ìyókù lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dun ọba. Àwọn ará ìlú dìde. Ṣùgbọ́n Òkédìran kò tíì sáré. Ó yíjú sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níbi tí obìnrin kan tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo ayé lè gbọ́.

“Ìbíwùmí, ibà kọ́ ló pa Àyìnlá. Ó wo ojú rẹ, ó rí irú ìyá tó bọ́ sí lọ́wọ́, ó sì yan ikú.”

Nígbà náà ló sá. Ìlú dà tẹ̀lé e bí oyin tí wọ́n sọ lókùúta. Wọ́n gbé arúgbó, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n já wọ àwọn ọkọ̀ tó ti ń dúró dè wọ́n lójú omi, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé ta ló ní kí ọkọ̀ wà níbẹ̀. Olúòkè àti àwọn ìjòyè jókòó sí pápá, nítorí ọba kì í sáré. Ìbíwùmí ló ṣíwájú gbogbo wọn. Ó ń wakọ̀ bí ẹni pé òkun ló jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò pariwo, kò sì sunkún. Òkédìran ń gbọ́ ìró àjẹ̀ rẹ̀ tó ń sún mọ́ ọn, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó má tètè bá òun kí wọ́n tó jìnnà tó. Nígbà tí erékùṣù ti kéré lẹ́yìn wọn, ó dáwọ́ dúró, ó sì yíjú sí i. Ìbíwùmí gbé àjẹ̀ sókè, ó là á mọ́ ọn lójú, ojú ọ̀tún Òkédìran sì lọ pátápátá. Ó tún gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì. Òkédìran kò gbé ọwọ́ bojú.

Àjẹ̀ náà kò balẹ̀, nítorí pé ìgbà náà ni Amíkanlẹ̀ húkọ́. Wọ́n kọ́kọ́ rí i kí wọ́n tó gbọ́ ọ: orí òkè ṣí, òpó dúdú kan gùn lọ sójú ọ̀run, mànàmáná ń kọ nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ariwo dé tó gbé àwọn ọkọ̀ sókè tó tún sọ wọ́n kalẹ̀. Ìkúùkù iná sọ̀ kalẹ̀ láti èjìká òkè, ó gbá pápá Ìbúkè mọ́ra, ó gbá ilé Ìbíwùmí mọ́ra pẹ̀lú ibojì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, ó gba orí ìlú kọjá, ó sì tẹ ojú omi díẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Òkúta fúyẹ́fúyẹ́ ni, irú èyí tí Olúòkè ní kò ní nǹkan nínú, ó bo ojú òkun lọ títí àwọn ọkọ̀ kò lè lọ síwájú, wọn kò sì lè padà. Wọ́n jókòó sáàárín rẹ̀ pẹ̀lú eérú lórí, ẹnu gbogbo wọn sì dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn.

Ẹ má rò pé ó pẹ́ tí wọ́n dákẹ́. Kí ìgbì tó fọ́n òkúta náà ká, ẹnìkan ti ń sọ pé ìbínú àwọn ló fọ́ òkè. Kí iná tó kú tán, wọ́n ti gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n padà, wọ́n fi ẹlòmíràn jọba, iṣu ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú eérú tuntun, wọ́n sì ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n ti ní Abúkè mìíràn. Ní ti Olúòkè àti àwọn ìjòyè rẹ̀, bí ẹ bá gba ihò náà wọlé lónìí, àwọn lẹ óò kọ́kọ́ bá. Wọ́n jókòó nínú òkúta, wọ́n ní àwọn ṣẹ́gun òkè, wọ́n sì ń fi àwọn tó ń gbálẹ̀ nísàlẹ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Òkédìran àti ọmọ rẹ̀ kò bá wọn padà. Wọ́n kọ́lé sí erékùṣù kékeré kan ní òdìkejì. Ìbíwùmí ń tọ́jú ojú tó fọ́ náà, ó ń se oúnjẹ, ó ń gbé e síwájú bàbá rẹ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n kò pè é ní bàbá. Ó pẹ́ kí Òkédìran tó lè la ẹnu. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ti jókòó tí wọ́n kọjú sí òkè tó tún ti ń mí èéfín rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní òun kò rí ọ̀nà mìíràn tí òun ì bá fi gbé e kúrò nínú ilé náà.

“Mo mọ̀,” ni Ìbíwùmí wí. “Mo mọ ìdí tí ẹ fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, bàbá mi.”

Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀, bóyá ẹ ti ń fi àwọn ará Ìdíòkè rẹ́rìn-ín. Ẹ tún inú rò. Ohun tó tóbi ju yín lọ kò gbúròó ẹ̀gàn yín rí, kò sì ní í gbọ́. Bó bá dákẹ́, kì í ṣe pé ojú ń tì í. Ẹni tí ń bẹ nítòsí yín, tó fẹ́ràn yín, tó ní etí, òun ni ẹnu yín ń bà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àti pé ẹ lọ wo odò iná tó ṣàn jáde lára Amíkanlẹ̀ lọ́jọ́ náà: kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi dúdú, ó tutù, ọmọdé lè sáré lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti igi bọ inú ihò rẹ̀ á rí i pé igi á gbaná, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí fún ọdún púpọ̀. Koríko á hù níbẹ̀ nígbẹ̀yìn, ìyẹn kì í ṣe irọ́; ṣùgbọ́n kì í ṣe lójú ẹni tó tu ú. Ó tó báyìí, ẹ máa lọ sílé, kí ẹ sì pa ẹnu dé lọ́nà.